Súẹ́tà káṣímíà gidi fún màmá mi, kí owó má sì gun orí: ibo ni kí n yà sí?

Àbẹ̀kẹ́_Aberdeen

Ẹ kú ọ̀gìnnìtìn o, ẹ̀yin ará ilé. Màmá mi ń bọ̀ láti Ìbàdàn lóṣù tó ń bọ̀, wọ́n fẹ́ wá bá mi gbọ́mọ, wọ́n á sì lò tó oṣù márùn-ún lọ́dọ̀ wa ní Aberdeen níbí, ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá mọ ìlú yìí ẹ mọ bí atẹ́gùn orí òkun ẹ̀ ṣe ń wọ eegun. Màmá ti lé ní 70 ọdún. Nígbà tí wọ́n wá lẹ́ẹ̀kan, mo ra súẹ́tà wúlù kan fún wọn, ó nípọn, ó sì móoru, àṣé ńṣe ló ń yún wọn lọ́rùn, wọn ò sọ fún mi o, ọjọ́ tí mo fẹ́ bá wọn fọ̀ ọ́ ni mo rí i pé wọ́n ti fi áńkáṣíìfù tẹ́ ọrùn ẹ̀ nínú, wọ́n fọwọ́ rán an wínníwínní. Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, mo ń wo áńkáṣíìfù yẹn, ó dùn mí gan-an ni.

Lọ́tẹ̀ yìí káṣímíà, èyí tí òyìnbó ń kọ ní cashmere, ni mo fẹ́ rà. Ọ̀gá kan níbi iṣẹ́ wa wọ ọ̀kan wá, ó ní kí n fọwọ́ kàn án, ó fúyẹ́ bí ẹni pé mi ò mú nǹkan kan dání, bẹ́ẹ̀ òun nìkan ló wọ̀ wá láti ibùdókọ̀ láìsí kóòtù lórí ẹ̀. Iye tó ní òun rà á ló bà mí lẹ́rù. Mo wá lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, mo rí kan ní 25 pọ́ùn, wọ́n kọ cashmere gàdàgbà sí i, mo sanwó, ìgbà tó dé tí mo yẹ inú ẹ̀ wò, lébẹ̀lì ní àkírílíkì, òwú rọ́bà, ni 70%, náílọ́ọ̀nù ni 30%. Mo padà lọ wo ibi tí mo ti rà á, mo wá rí i pé cashmere feel ni wọ́n kọ, ìyẹn ni pé ó kàn rọ̀ lọ́wọ́ bíi cashmere, feel yẹn kéré bí ẹsẹ̀ èèrà. Mo ti dá a padà, wọ́n sì ti dá owó mi padà, ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ti lọ, màmá ti ń di ẹrù.

80 pọ́ùn ni mo ní nílẹ̀. Ṣé ó lè ra ojúlówó? Báwo lèèyàn ṣe ń mọ èyí tó dáa, níbo lẹ sì ti ń ra tiyín? Ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí.

BàbáÌbejì_Edin

Àbẹ̀kẹ́, ẹ kú ewu ọmọ, Ọlọ́run á mú màmá gúnlẹ̀ láyọ̀. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń gbé Scotland yìí, ìyàwó mi sì ń ta aṣọ tókúnbọ̀ lórí eBay, káṣímíà tó ti gba ọwọ́ wa kọjá ò kéré. Owó yín tó, ó tiẹ̀ máa ṣẹ́kù, ṣùgbọ́n ẹ má fi ra tuntun.

Ìdí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀ nìyí. Káṣímíà kì í ṣe irun àgùntàn, irun ewúrẹ́ ni, kì í sì í ṣe irun tẹ́ ẹ̀ ń rí lára ewúrẹ́ lóde, ìyẹn le bí ìgbálẹ̀, èyí tó múlọ́ tó ń hù sábẹ́ ẹ̀ nígbà òtútù ni. China àti Mongolia ló ti ń wá jù, níbi tí òtútù ti le débi pé ara ewúrẹ́ gbọ́dọ̀ hu nǹkan tó máa dáàbò bò ó. Tí ooru bá ti ń bọ̀ tí irun yẹn fẹ́ re dànù fúnra ẹ̀, wọ́n á fi kóòmù ya á kúrò, wọ́n á wá ṣa èyí tó le kúrò nínú ẹ̀. Èyí tó kù lára ewúrẹ́ kan lọ́dún kan gbáko ò tó hun súẹ́tà kan, ó máa ń gba ewúrẹ́ méjì, mẹ́ta, nígbà míì mẹ́rin. Torí náà tẹ́ ẹ bá rí tuntun tí wọ́n ní 100% ni, tó jẹ́ 30 pọ́ùn, ẹ bi ara yín léèrè ohun tí wọ́n yọ kúrò nínú ẹ̀ kó tó lè pọ́kú tó bẹ́ẹ̀.

Gígùn irun ni wọ́n yọ. Irun tó gùn ló wọ́n. Èyí tó kúrú ò lè di ara ẹ̀ mú nínú òwú, orí ẹ̀ á máa yọ síta, kò ní pé ọ̀sẹ̀ méjì tí yóò fi máa ṣù kókó lábẹ́ apá àti níbi tí báàgì ti ń ha á. Lébẹ̀lì ò sì purọ́ o, òfin UK ní kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n fi ṣe aṣọ àti ìdá mélòó ni ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́, ṣùgbọ́n òfin yẹn ò ní kí wọ́n sọ bí irun ẹ̀ ṣe gùn tó. Èyí tí 100% àti 100% fi jìnnà síra nìyẹn.

Ohun tó tún ń mú èèyàn ni pé èyí tí ò dáa lè rọ̀ ju èyí tó dáa lọ nínú ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n á ti fọ̀ ọ́ fọ̀ ọ́ nílé iṣẹ́ kí irun ẹ̀ lè hú sókè, yóò wá rí bí òròmọdìyẹ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ẹyin, ẹ fọwọ́ kàn án báyìí ọkàn yín ti lọ síbẹ̀. Èyí tí wọ́n hun ní Scotland láyé ọjọ́un, tẹ́ ẹ bá kọ́kọ́ mú un, ńṣe ló máa dà bíi pé ó gan díẹ̀, ó ṣù pọ̀, ó ń dúró sí yín lọ́wọ́. Bẹ́ ẹ ṣe ń wọ̀ ọ́ tẹ́ ẹ̀ ń fọ̀ ọ́ ló ń rọ̀ sí i, á sì lò tó 20 ọdún lára èèyàn.

Ẹ gbọ́ ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ ṣe kẹ́ ẹ tó ra nǹkan kan. Aberdeen lẹ wà, ẹ wọ ọkọ̀ ojú irin tó ń lọ Inverness, ẹ sọ̀ kalẹ̀ ní Elgin. Ilé iṣẹ́ Johnstons tó ń hun káṣímíà ti wà níbẹ̀ láti 1797, wọ́n ní ṣọ́ọ̀bù nínú ọgbà wọn. Owó yín ò lè ra súẹ́tà tuntun níbẹ̀, kì í sì í ṣe torí ríra lẹ ṣe ń lọ. Ẹ fọwọ́ kàn án ni. Ẹ fi í kan abẹ́ àgbọ̀n yín, ẹ rọra na etí ọwọ́ ẹ̀ kẹ́ ẹ wò ó bó ṣe ń padà síbi tó wà, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ ra á díẹ̀ kẹ́ ẹ wò ó bóyá irun á jáde. Ìyá mi ta aṣọ òkè n'Íṣẹ́yìn títí wọ́n fi dàgbà, tẹ́ ẹ bá gbé sányán lọ bá wọn, wọn kì í wo ojú ẹ̀ rárá, àtàǹpàkò àti ìka tó tẹ̀ lé e ni wọ́n fi ń yí etí ẹ̀, wọ́n á ní èyí sányán ni, èyí òwú ọjà ni wọ́n pa láró. Irú ọwọ́ yẹn ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ lọ gbà ní Elgin, ọjọ́ kan tó.

Lẹ́yìn náà ẹ wá tókúnbọ̀. Ìlú kékeré kan wà lápá gúúsù Scotland tí wọ́n ń kọ ní Hawick tí wọ́n ń pè ní Họ́ìkì, ibẹ̀ ni olú ìlú súẹ́tà. Ilé iṣẹ́ súẹ́tà Pringle bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ ní 1815, Lyle & Scott ní 1874, Peter Scott ní 1878. Ballantyne wà nítòsí ibẹ̀, ní Innerleithen. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ yẹn ni wọ́n ti tì, tàbí tí wọ́n ti gbé iṣẹ́ lọ sí ilẹ̀ ibòmíì, ṣùgbọ́n súẹ́tà tí wọ́n ti hun ṣì wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù àwọn àgbàlagbà ibí. Tí bàbá tàbí ìyá bá kú, tàbí wọ́n kó lọ sílé ìtọ́jú àgbà, àwọn ọmọ á di aṣọ wọn sínú àpò, wọ́n á gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù ṣáríti, tó ń ta ohun táwọn èèyàn fi tọrẹ. Ibẹ̀ lẹ ti máa bá a ní 15 pọ́ùn, 20 pọ́ùn, nígbà míì ẹni tó lẹ owó mọ́ ọn ò tiẹ̀ yẹ lébẹ̀lì ẹ̀ wò. Lórí Vinted àti eBay ó lè tó 30 sí 50. Ẹ ṣáà ṣọ́ra, àwọn orúkọ tí mo dá wọ̀nyí náà hun irun àgùntàn, wọ́n sì ti ṣe òmíràn lẹ́yìn odi, torí náà ẹ máa ka lébẹ̀lì tán pátápátá, kẹ́ ẹ rí cashmere kẹ́ ẹ sì rí Made in Scotland.

Tó bá jẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì ni, ẹ ní kí ẹni tó ń tà á ya fọ́tò abẹ́ apá, ìgbọ̀nwọ́, etí ọwọ́ àti lébẹ̀lì fún yín, kó sì gbé e kọ́ ojú wíńdò kí ìmọ́lẹ̀ wá látẹ̀yìn. Ihò kòkòrò tó ń jẹ aṣọ, tí ò hàn lórí bẹ́ẹ̀dì, máa tàn bí ìràwọ̀ lójú wíńdò.

Títí_Leeds

Ẹ̀gbọ́n ti ṣàlàyé dáadáa, mo gbà, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi, Àǹtí Àbẹ̀kẹ́ ẹ má bínú. Ta ló máa fọ súẹ́tà yìí? Màmá tèmi wá lọ́dún tó kọjá, mo ra káṣímíà fún wọn nínú sale oṣù January, owó gidi, mo lọ síbi iṣẹ́, mo dé mo bá a, wọ́n ti fi omi gbígbóná fọ̀ ọ́ pẹ̀lú ọṣẹ tá a fi ń fọ yúnífọ́ọ̀mù, wọ́n gbo ó gan-an, wọ́n fún un bí ẹni fún ògì, wọ́n sì sá a sórí ẹ̀rọ tó ń mú ilé gbóná. Ọmọ mi ọdún mẹ́fà ló ń wọ̀ ọ́ báyìí. Màmá ò ṣe é láti bà á jẹ́, bí wọ́n ṣe ń fọṣọ láti kékeré nìyẹn, ìmọ́tótó wọn ni.

Torí náà èmi sọ pé merino. Irun àgùntàn ni lóòótọ́ ṣùgbọ́n kì í ṣe irú èyí tó yún màmá lọ́rùn, ó tín-ín-rín gan-an, èyí tó dáa nínú ẹ̀ kì í yún èèyàn rárá, ó sì wà èyí tí wọ́n ti ṣe kí wọ́n lè fi í sínú maṣíìnì. 80 pọ́ùn á ra méjì, wọ́n á máa pààrọ̀ ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ṣì fẹ́ káṣímíà tuntun, Uniqlo àti M&S ní i, tiwọn máa ń wà nítòsí 100 pọ́ùn, ẹ dúró de sale ìparí òtútù, February sí March, kò burú, ṣùgbọ́n kò nípọn tó èyí tí ẹ̀gbọ́n ń sọ.

Àbẹ̀kẹ́_Aberdeen

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun gan-an ni. Mo ti wo Elgin, màá lọ lọ́jọ́ òfì mi. Títí, òótọ́ lo sọ o, mi ò tiẹ̀ ro ti fífọ̀ yẹn rárá, màmá mi náà ò lè rí aṣọ dídọ̀tí kí wọ́n fi sílẹ̀ sùn. Ṣùgbọ́n mo ti wọ merino rí, èmi fúnra mi ó ń ta mí lọ́rùn díẹ̀, awọ ara wa kan náà ni èmi àti wọn, ẹ̀rù ń bà mí. Màá máa bá wọn fọ̀ ọ́. Báwo wá lẹ ṣe ń fọ̀ ọ́? Kòkòrò tí ẹ̀gbọ́n ń sọ yẹn ńkọ́, tí mo bá gbé tókúnbọ̀ wọlé ṣé kò ní ran àwọn aṣọ wa tó kù?

Ọmọ_AbúléẸ̀gbá

Ẹ jẹ́ kí n dá sí i láti Èkó. Ọjà Katangówà ni mo ti ń já bọ́síkọ̀nà, súẹ́tà wà lára ohun tí mò ń tà fún àwọn tó ń lọ UK àti Canada. Ẹ gbọ́, káṣímíà ń wọ ibí dáadáa! Láti ìlú òyìnbó ló ń bá bélì dé, àwa kì í sì í fẹ́ràn súẹ́tà ní Èkó, àwọn tó ń tú bélì á kó o sí òkìtì kan náà pẹ̀lú àkírílíkì, iye kan náà. Oṣù tó lọ mo yọ kádígáànì kan tó jẹ́ ti Scotland ní 4,000 náírà, bọ́tìnì ẹ̀ pé, ẹni tó tà á fún mi ló tún ń bẹ̀ mí kí n mú méjì. Tẹ́ ẹ bá ní àbúrò n'Íbàdàn tàbí Èkó, kó lọ wò ó kí màmá tó wọ báálù, wọ́n á tiẹ̀ wọ̀ ọ́ wá.

Ọgbọ́n tí mo fi ń yà á sọ́tọ̀ nìyí. Súẹ́tà olówó máa ń ní òwú díẹ̀ tí wọ́n so mọ́ lébẹ̀lì inú fún àtúnṣe, tí kò bá sí màá rọra fa òwú kan láti etí ìránṣọ nínú. Màá fi iná ìṣáná kàn án níta. Tó bá rùn bí irun tó jóná, tó sì di eérú tó ń fọ́ níka, irun ẹran ni. Tó bá yọ́ tó sì di kókó dúdú líle, rọ́bà ni, ẹ jù ú nù. Ẹ má gbàgbé pé irun àgùntàn àti ti ewúrẹ́ ń rùn bákan náà nínú iná, ìyẹn ni pé iná á lé àkírílíkì jáde ṣùgbọ́n ọrùn yín ló máa sọ èyí tó kù fún yín. Ẹ ṣọ́ra fún lébẹ̀lì tí wọ́n kọ pashmina sí náà, orúkọ míì tí wọ́n ń pe káṣímíà múlọ́múlọ́, ọ̀pọ̀ ẹ̀ tí mo ti fi iná kàn kì í ṣe irun rárá.

Délé_Chicago

Ẹ káàbọ̀ sórí ọ̀rọ̀ tó dùn mọ́ mi. Ìdí tí merino fi ń ta Àǹtí lọ́rùn tí káṣímíà ò ní ta wọ́n, bí irun ṣe nípọn tó ni. Tí orí irun bá nípọn kì í tẹ̀ tó bá kan awọ ara, ńṣe ló ń gún un. Òfin Amẹ́ríkà tiẹ̀ ṣàlàyé ẹ̀ kedere, wọn ò gbọdọ̀ pe nǹkan ní káṣímíà níbí tí irun ẹ̀ bá nípọn ju 19 máíkírọ̀nù (ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún mìlímítà ni máíkírọ̀nù kan) lọ tá a bá dá gbogbo ẹ̀ papọ̀ tá a sì pín in dọ́gba, tiwa tó wà lórí sábà máa ń lé ní 50. Tí ọrùn màmá bá ń pọ́n torí wúlù, mo wà lẹ́yìn káṣímíà, Títí má bínú.

Fífọ̀ ò le. Omi tútù tàbí lọ́wọ́ọ́wọ́ díẹ̀ nínú báṣíà, ṣàmpú ọmọ dé ìwọ̀n ṣíbí kan, ẹ rì í, ẹ máa fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́, ẹ má gbo ó, ẹ má fún un. Ẹ dà á síta, ẹ fi omi tó gbóná tàbí tutù bákan náà ṣan án, torí kó máa ti inú gbígbóná bọ́ sínú tútù wà lára ohun tó ń mú un sún kì. Ẹ tẹ́ táwẹ́ẹ̀lì ńlá, ẹ tẹ́ súẹ́tà lé e, ẹ ká wọn pọ̀ bí ẹni ká ẹní, ẹ fi orúnkún tẹ̀ ẹ́, omi á jáde. Ẹ tún tẹ́ ẹ sórí táwẹ́ẹ̀lì gbígbẹ, ẹ fọwọ́ tò ó bó ṣe yẹ kó rí, ẹ jẹ́ kó gbẹ bẹ́ẹ̀. Ẹ má fi kọ́ hángà láéláé, èjìká ẹ̀ á yọ ìwo. Èmi kì í fọ tèmi lójoojúmọ́, mo ń wọ ṣẹ́ẹ̀tì sábẹ́ ẹ̀, ìgbà tí mo bá wọ̀ ọ́ bí ẹ̀ẹ̀mẹ́rin márùn-ún ni mo ń fọ̀ ọ́.

Ti kòkòrò, gbogbo tókúnbọ̀ tí mo bá rà, náílọ́ọ̀nù ló ń wọ̀, mo dì í pa, ó di inú fírísà fún ọ̀sẹ̀ méjì kí òtútù lè pa kòkòrò inú ẹ̀ kó tó wọ kọ́bọ́ọ̀dù mi. Ọmọ kòkòrò yẹn ló ń jẹ aṣọ, èyí tó ń fò ò jẹ nǹkan kan. Aṣọ tí òógùn àti ọbẹ̀ wà lára ẹ̀ ni wọ́n fẹ́ràn jù, torí náà kẹ́ ẹ tó kó o pamọ́ nígbà ooru, ẹ fọ̀ ọ́ mọ́.

Ohun kan tó kù, ẹ yà sí apá aṣọ ọkùnrin náà. Súẹ́tà bàbá àgbà máa ń nípọn ju ti obìnrin lọ, wọn kì í sì í jà dù ú. Èyí tí mo fi ránṣẹ́ sí ìyá mi l'Ọ́yọ̀ọ́ fún ọyẹ́, ti ọkùnrin ni, wọ́n ká ọwọ́ ẹ̀ sókè lẹ́ẹ̀kan, ó bá wọn mu.

BàbáÌbejì_Edin

Délé sọ ọ́ tán. Mo fẹ́ fi kún un pé tẹ́ ẹ bá rí ihò kékeré, ẹ má sá fún un, ẹ fi í dín owó. Kí n má gbàgbé, tuntun tẹ́ ẹ bá rà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ ilé ìtajà, òfin ibí fún yín ní ọjọ́ 14 lẹ́yìn tó bá dé láti sọ pé ẹ ò fẹ́ mọ́. Tó bá jẹ́ lọ́wọ́ ẹnì kan tó kàn ń ta aṣọ ara ẹ̀ ni, kò sí ìyẹn, ìdí nìyẹn tí mo fi ń pariwo fọ́tò.

Àbẹ̀kẹ́_Aberdeen

Ẹ má bínú pé mo pẹ́, ọmọ àti iṣẹ́. Mo lọ Elgin, mo gbé ọmọ sẹ́yìn. Obìnrin tó wà nínú ṣọ́ọ̀bù yẹn jẹ́ kí n fọwọ́ kan ohun tó wù mí, mo lò tó wákàtí kan, mo ń pa ojú dé kí n lè gbọ́ ohun tí ọwọ́ mi ń sọ. Lóòótọ́ ni o ẹ̀gbọ́n, kò rọ̀ bí mo ṣe rò, ńṣe ló kún ọwọ́.

Ọjọ́ kẹta ẹ̀ mo yà sí ṣọ́ọ̀bù ṣáríti kan ní Rosemount níbí. Mi ò wo ojú aṣọ kankan, mo kàn ń fọwọ́ gbá a lọ lórí hángà, àkírílíkì, àkírílíkì, òwú, wúlù, ọwọ́ mi wá dúró. Kádígáànì ọkùnrin, àwọ̀ obì pupa, Made in Hawick Scotland, 100% cashmere, bọ́tìnì márààrún pé. 18 pọ́ùn. Mo gbé e sójú wíńdò wọn, ìmọ́lẹ̀ yọ níbì kan péré lábẹ́ apá òsì, ihò náà ò tó ẹ̀wà. Ó sun fírísà fún ọ̀sẹ̀ méjì láàrín àpò ẹja àti ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀, ọkọ mi ń bi mí pé kí ni mò ń dì síbẹ̀. Mo fi òwú tó jọ ọ́ ran ihò yẹn.

Màmá ti dé láti ọjọ́ Tuesday tó kọjá lọ́hùn-ún. Inú ẹ̀ ni wọ́n ń sùn sí. Àárọ̀ yìí ni mo sọ pé kí wọ́n bọ́ ọ kí n bá wọn fọ̀ ọ́, wọ́n ní kí n tètè dá a padà. Mo yí ọrùn ẹ̀ síta wò. Kò sí áńkáṣíìfù kankan níbẹ̀.

Owó ṣì kù lọ́wọ́ mi, mo fẹ́ ra ìkejì kí wọ́n lè máa pààrọ̀ ẹ̀. Ọmọ AbúléẸ̀gbá, ẹ jọ̀ọ́ tí òmíràn bá jáde nínú bélì, ọrùn róbótó, kì í ṣe èyí tó ga, àyà 44, àbúrò mi máa wá gbà á lọ́wọ́ yín.